Omi Tó Mọ́ Gaara Láàárọ̀, Tó Pọ́n Lálẹ́: Iṣẹ́ Kànga Kan Ní Àkóbò

Màmá kan ní Àkóbò, n'Ìbàdàn, ló pè mí, ọjọ́ Sọ́ńdè ni, ọyẹ́ ṣì ń mú nígbà yẹn. Oníbàárà mi kan ní Bódìjà ló fún wọn ní nọ́ńbà mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lórí fóònù ni "Pulọ́ńbà, gbà mí o, kànga mi ń ṣẹ̀jẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín, mo bá yáa sọ pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Iṣẹ́ yẹn gbà tó oṣù mẹ́rin kó tó délẹ̀ dáadáa, èmi náà sì ṣe àṣìṣe tó tì mí lójú níbẹ̀, mo máa sọ ọ́. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé láti ìgbà yẹn èèyàn 5 ló ti pè mí lórí irú omi yìí kan náà, gbogbo wọn pátá ló sì ti ra fílítà kí wọ́n tó pè mí.

Màmá yìí, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó rìtáyà. Bàbá wà nílé pẹ̀lú wọn, àtọmọ-ọmọ méjì. Omi ẹ̀rọ ìjọba ò dé àdúgbò yẹn, Màmá ní omi Ẹlẹ́yẹlé làwọn mu dàgbà ní Òkè-Àdó, ìgbà táwọn kọ́lé síbí yìí làwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ wàhálà kànga. Kànga tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni, wọ́n to ríǹgì sí i látòkè délẹ̀. Mo so òkúta mọ́ okùn mo jù ú síbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 38 ni, omi tó wà nínú ẹ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ torí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Súmò, ìyẹn pọ́ńpù tó ń wà nínú omi kànga, ló ń ti omi lọ sí táńkì 2,000 lítà lórí dẹ́kìn, láti táńkì omi á gba inú fílítà búlúù méjì kọjá, á tún wá gba inú ẹ̀rọ gàgàrà kan tí wọ́n ń da iyọ̀ sí, sọ́fínà lorúkọ ẹ, kó tó wọlé.

Síbẹ̀ síńkì pọ́n, ilẹ̀ bálùwẹ̀ pọ́n, inú W.C. pọ́n bí ẹni da epo pupa sí i. Wọ́n po tíì fún mi, ó dúdú bí aró. Mo kọ́kọ́ rò pé ewé tíì ló pọ̀ jù nínú ẹ, àfìgbà tí mo rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ki báàgì ẹ bọ omi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí torí kò náni lówó: omi tó bá sọ tíì di dúdú báyẹn, irin ló wà nínú ẹ. Ohun kíkorò inú ewé tíì ló ń gbá irin mú tó ń di dúdú, bí wọ́n ṣe ń ṣe íǹkì láyé àtijọ́ náà nìyẹn.

Ta ló ti débẹ̀ kí n tó dé? Èèyàn mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ ní súmò ti dógùn-ún, ó pààrọ̀ ẹ̀, omi ò yí padà. Ẹni kejì gbé fílítà búlúù méjèèjì yẹn kọ́ ọ, kátíríìjì inú ẹ á dí pa láàárín ọjọ́ 5, omi á wá máa kán tó-tó-tó, Màmá ti ra kátíríìjì débi pé wọ́n kó àwọn tó ti bàjẹ́ jọ sẹ́yìn ilé bí òkìtì ìkòkò. Ẹni kẹta ló ta sọ́fínà fún wọn, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà ló sanwó ẹ, torí ilé tòun náà ní Kánádà ní ọ̀kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.

Ẹ̀hẹn, ó wá kan àṣìṣe tèmi. Mo ṣí ìdérí táńkì, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ nípọn tó ìka mẹ́rin, ó ń yọ̀ bí ilá, àwọ̀ ẹ dà bí ọsàn tó pọ́n. Mo mọ nǹkan yẹn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó jẹ́ pé irin inú omi ni wọ́n fi ń gbẹ́mìí ró, yíyọ̀ yẹn niṣẹ́ ọwọ́ wọn. Mo bá sọ fún ara mi pé mo ti mọ̀ ọ́n, mo fọ táńkì, mo fa omi tuntun kún un, mo da kọ́lọ́ríìnì oníyẹ̀fun sí i kó lè pa wọ́n. Mo gba tíránsípọ̀ọ̀tù mi, mo lọ. N ò tíì dé Iwo Road tí fóònù ti ń dún. Gbogbo omi inú táńkì ló ti pọ́n bí àgbo, ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé sì ti rẹ agbádá funfun Bàbá sínú ẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé irin tó ti yòrò sínú omi, ojú ò lè rí i, kọ́lọ́ríìnì tí mo dà sí i ló sáré sọ ọ́ di ògùn-ún lójú ẹsẹ̀. Kọ́lọ́ríìnì kì í ṣe nǹkan burúkú fún irú omi yìí o, àwọn tó mọṣẹ́ ń lò ó, ṣùgbọ́n iwájú fílítà oníyanrìn ni wọ́n ń dà á sí, kí yanrìn lè gba ohun tó bá ti di pupa dúró. Táńkì tó kọjú sílé tààrà lèmi da tèmi sí. Agbádá yẹn, ọsàn wẹ́wẹ́ àtiyọ̀ la fi gbà á sílẹ̀, a fún un síbi tó pọ́n, a sá a sóòrùn, a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Kẹ́ ẹ má fi bílíìṣì fọ irú àbàwọ́n yẹn láéláé, ńṣe ló máa gan mọ́ aṣọ. Bàbá ò bínú, wọ́n kàn ní "Ọ̀gá pulọ́ńbà, ó ku fìlà." Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ kejì mi ò mú irinṣẹ́ kankan lọ. Ìgò oníke 4 ni mo mú lọ àti máàkà. Mo fi garawa àtokùn fa omi lójú kànga gan-an, mo bù ú sí ìgò kìíní. Mo tú páìpù tó ń bọ̀ láti súmò kó tó dé táńkì, mo bu ìyẹn sí ìkejì. Ìkẹta, inú táńkì. Ìkẹrin, ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, lẹ́yìn sọ́fínà. Mo bu omi kún gbogbo wọn dé ẹnu, mo dé wọn, mo tò wọ́n sójú fèrèsé, mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Èyí tó wá látọ̀dọ̀ súmò, kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí yanrìn fi balẹ̀ sísàlẹ̀ ẹ, ó tó ìka kan, òkè ẹ wá mọ́ gaara, èèyàn á fẹ́ mu ún. Nígbà tí mo padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi òkè yẹn ti pọ́n, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti wá bo yanrìn lórí. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, nínú ìgò kan ṣoṣo! Yanrìn ni ọ̀kan, ó ti jẹ́ yanrìn látinú kànga. Èkejì ò tíì jẹ́ nǹkankan nígbà tí mo bù ú, ìgbà tó bá atẹ́gùn pàdé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di nǹkan. Omi tí mo fi garawa fà ò pọ́n tó ti súmò, torí omi ojú kànga ti ń bá atẹ́gùn ṣeré tipẹ́, púpọ̀ irin ẹ ti dà sílẹ̀. Ti inú táńkì ti pọ́n kí n tó bù ú. Ti ẹnu ẹ̀rọ ìdáná, èyí tó gba inú fílítà méjì àti sọ́fínà kọjá, mọ́ lálẹ́, láàárọ̀ ó pọ́n bíi ti ọmọ ìyá ẹ̀.

Ìdí tí kátíríìjì fi ń dí nìyẹn tí omi ò sì mọ́: yanrìn àti ògùn-ún tó ti dì ń dí i, irin tó ṣì yòrò ń rìn kọjá bí iyọ̀ tó yòrò sínú ọbẹ̀, ó dìgbà tó bá wọlé tán kó tó fi ara hàn. Ilẹ̀ pupa tá a ń tẹ̀ n'Ìbàdàn yìí, irin náà ló pọ́n ọn. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí atẹ́gùn ò ti pọ̀, tí omi sì kan díẹ̀, irin á yòrò, kò ní àwọ̀.

Mo sọ fún Màmá pé ká gbé omi lọ sí láàbù. Wọ́n ti ṣe é rí, wọ́n gbé bébà jáde, irin inú omi mílígíráàmù 0.2 nínú lítà 1, òfin Nàìjíríà sì ní kó má ju 0.3 lọ, bébà ní omi dáa. Ojú ń wo síńkì pupa, bébà ń sọ pé omi dáa! Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe gbé e lọ. Àwọn bu omi sínú ìgò, ìgò wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò fún ọjọ́ méjì, nígbà tó délẹ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́ ẹ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Irin ti di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú bọ́ọ̀tù, wọ́n sẹ́ ẹ dànù, wọ́n wá wọn èyí tó kù. Mo gba ìgò tí wọ́n ti kán ẹ́síìdì sí látọ̀dọ̀ láàbù mìíràn, ẹ́síìdì yẹn ni kì í jẹ́ kí irin dì, mo bu omi súmò sí i, mo gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn náà. 2.8 ló jẹ́. pH tí mo wọ̀n lójú kànga gan-an, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, tó bá ti wà nísàlẹ̀ 7 omi kan nìyẹn, 6.3 ni.

Bàbá bi mí bóyá irin yẹn ló ń jẹ́ kí orúnkún máa dun àwọn. Mo ní rárá sà. Irin ní ìwọ̀n yẹn, ojú àti ẹnu àti aṣọ ló ń bà jẹ́, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gan-an ò fi ìwọ̀n kankan lé e lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Nǹkan tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù wà nítòsí, ṣáláńgá ilé kejì ò ju ẹsẹ̀ bàtà 40 sí kànga wọn, ojú ò sì lè rí kòkòrò àìsàn tó ń ti ibẹ̀ wá nínú omi bó ti wù kó mọ́ tó. Mo ní kí wọ́n máa se omi tí wọ́n bá fẹ́ mu. Wọ́n ní píọ́ wọ́tà làwọn ń mu tẹ́lẹ̀.

Yanrìn la kọ́kọ́ bá jà. Mo fa súmò jáde, ìdí ẹ ò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí ilẹ̀ kànga, kò yàtọ̀ séèyàn tó fi sítírọ́ọ̀ mu gaàrí tó ti sùn sísàlẹ̀ ife. Mo pe àwọn méjì tó ń gbẹ́ kànga. Kí wọ́n tó wọlé a sọ fìtílà kalẹ̀ láti wò ó bí atẹ́gùn wà níbẹ̀. Mo tún sọ fún ọmọkùnrin ilé kejì tó fẹ́ bá wa gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga pé kó gbé e jìnnà réré, èéfín ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, ó ń pa èèyàn láìjẹ́ pé ó rùn, fìtílà ò sì ní kú kó tó pa á. Ó bínú, ó ní òun fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni. Kó máa bínú lọ.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì 11 ẹrẹ̀ àti yanrìn ni wọ́n kó jáde. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní kí n fi tọ́ọ̀ṣì wo ríǹgì kẹta láti òkè, oríkèé ẹ̀ ti là, ilẹ̀ pupa ń gba ibẹ̀ wọlé bójò bá ti rọ̀. A fi sìmẹ́ńtì dí i. A da òkúta wẹ́wẹ́ tá a ti fọ̀ sí ilẹ̀ kànga, ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, mo wá gbé súmò kọ́ síbi tí ẹsẹ̀ bàtà 3 wà lábẹ́ ẹ̀. Mo kìlọ̀ fún wọn pé lẹ́ẹ̀rùn kíkan, kí wọ́n máa fa omi díẹ̀díẹ̀, ìdajì wákàtí, kí wọ́n sinmi, tórí omi tó wà lókè súmò ò pọ̀ mọ́, bó bá fa atẹ́gùn ó máa jó.

Ọ̀rọ̀ irin ló wá kù, òun ló sì gba ọgbọ́n. Ohun tá a nílò ò ju ká jẹ́ kó pọ́n níbi tá a fẹ́ kó ti pọ́n, kó tó wọlé. Mo gbé táńkì 1,000 lítà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́kìn. Páìpù tó ń bọ̀ láti súmò, mo dí ẹnu ẹ̀, mo fi dìrílì lu ihò 60 sí i, mo gbé e kọ́ sókè táńkì yẹn kí omi máa ya sílẹ̀ bíi ṣáwà. Bó ṣe ń ya bẹ́ẹ̀ ló ń gba atẹ́gùn. Kò dìgbà tí atẹ́gùn bá pọ̀ kó tó ṣiṣẹ́ o, mílígíráàmù kan ọ́síjìn inú ẹ̀ tó fún bíi mílígíráàmù 7 irin.

Ṣùgbọ́n pH 6.3 yẹn, omi tó kan díẹ̀ báyẹn, irin inú ẹ̀ á máa fà sẹ́yìn, kò ní fẹ́ tètè dì. Òkúta mábù ló ń pa kíkan yẹn. Níbo la ti máa rí mábù? Ẹ rántí téráásò tí wọ́n ń fi ṣe ilẹ̀ ilé láyé àwọn bàbá wa, òkúta wẹ́wẹ́ inú ẹ, mábù ni púpọ̀ nínú ẹ, Ìgbẹ́tì níbí ní Ọ̀yọ́ sì ni mábù wà. Mo lọ bá àwọn tó ń tà á, ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ ta gíránáìtì funfun fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo yọ fíníígà kékeré látinú báàgì, mo kán an sí i, kò hó. Mo kán an sí ti ẹnì kejì, ó hó ṣìì. Ẹni àkọ́kọ́ ní àjẹ́ ni mí. A kó mábù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó nihò, a gbé e sábẹ́ ṣáwà, pH gòkè dé 7.1.

Omi á sùn nínú táńkì yẹn mọ́jú, púpọ̀ irin á tòrò sísàlẹ̀, láàárọ̀ á ṣàn wọnú dírọ́ọ̀mù 200 lítà tí mo to òkúta wẹ́wẹ́ sí nísàlẹ̀, tí mo wá da yanrìn líle lé lórí, ẹsẹ̀ bàtà 2, yanrìn tá a fọ̀ títí omi ẹ̀ fi dá. Ohun tó bá jáde nísàlẹ̀ dírọ́ọ̀mù ni pọ́ńpù kékeré kan ń gbé lọ sókè. Mo fi fáàfù sísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀, táńkì ilẹ̀, dírọ́ọ̀mù, táńkì òkè, torí táńkì òkè tiwọn ò ní ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè gbà jáde rárá, ó kàn ń sùn síbẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọjọ́ kẹrin Màmá pè. "Pulọ́ńbà, ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá o." Mo ní kí wọ́n ní sùúrù fún yanrìn. Yanrìn tuntun kì í tètè mọṣẹ́, àfìgbà tí ògùn-ún bá ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ara pupa yẹn ló wá ń fa irin yòókù mọ́ra. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n mí kanlẹ̀, mo mọ̀ pé wọn ò gbà mí gbọ́, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ agbádá yẹn ta ló máa gbà mí gbọ́? Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n fi fọ́tò tíì ránṣẹ́ sí mi. Àwọ̀ ẹ̀ dà bí tíì. Láàbù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú ìgò ẹ́síìdì, 0.2, èyí tí mo gbà gbọ́.

Ọmọ wọn ní Kánádà ò fẹ́ kí n yọ sọ́fínà. A bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Mo ṣí i, mo bu róbótó kéékèèké inú ẹ jáde hàn án, ó yẹ kí wọ́n ní àwọ̀ oyin, wọ́n ti pupa bí ilẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ yìí, omi tó le ni wọ́n ṣe é fún, omi tó ń fi funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, bóyá bẹ́ẹ̀ ni tiyín lọ́hùn-ún. Tibí ò le tó bẹ́ẹ̀, irin ló wá bò ó lára pa. Ó dákẹ́, ó ní ṣé funfun kẹ́tùlù Màmá ò ní pọ̀ sí i pẹ̀lú mábù tí mo kó sí i? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Fíníígà ìdajì ife, kẹ́ ẹ sè é nínú kẹ́tùlù, kẹ́ ẹ dà á nù, ó ti tán. Owó tó fi ra sọ́fínà yẹn, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́, ó ju iṣẹ́ mi àtọjà inú ẹ lọ ní ìlọ́po méjì.

Mo padà lọ lóṣù keje, òjò ti rọ̀ dáadáa, kànga ti kún. Oríkèé tá a dí ò jò. Mábù ti fi ògùn-ún bora, ìyẹn kò ṣàjèjì, a kó o jáde a gbọ̀n ọ́n nínú omi títí ó fi funfun padà, wọ́n ní láti máa ṣe é lóṣù méjì méjì, kí wọ́n sì máa kún un torí díẹ̀díẹ̀ ló ń yòrò. Ọmọ-ọmọ wọn ọkùnrin ló ń ṣí fáàfù dírọ́ọ̀mù láràárọ̀ Sátidé, omi á gba ìsàlẹ̀ yanrìn gòkè fún bí ìṣẹ́jú 10, ohun pupa á ṣàn jáde lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ti sanra ju tẹ́lẹ̀ lọ, Màmá ní irin ló ń jẹ. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ìgò kan ṣì wà lójú fèrèsé ìdáná, Màmá ló ń bu omi sí i lọ́jọ́ kìíní oṣù, wọ́n á kọ déètì sí i lára bí tíṣà tí wọ́n jẹ́. Mo gbé ti oṣù keje sókè kọjú sí oòrùn, mo mì í. Nǹkan pupa díẹ̀ dìde nísàlẹ̀, kò tó ohun tó ń wà létí ife kòkó. Mo ní kí wọ́n ti fáàfù ọjọ́ Sátidé le sí i, ó ń jò díẹ̀, màá mú wáṣà bọ̀.